Rọ́bà Tó Wà Lọ́rùn Hàbíbátù

Mọ́ńdè, 14 Oṣù Kìn-ín-ní, 1985

Ọyẹ́ mú tó bẹ́ẹ̀ tí ètè mi fi là láàárọ̀ yìí. Ẹ̀rọ omi kò tíì sun, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Omi kànga ẹ̀yìn tíátà, ibi iṣẹ́ abẹ ọsibítù wa ní Ìwó yìí, la fi ń ṣe ohun gbogbo, pupa ló sì ń jáde báyìí, àfi kí a sẹ́ ẹ kí a tó sè é.

Ọmọdébìnrin kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta, Hàbíbátù, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, láti Olúpọ̀nnà. Táífọ́ọ̀dù ti lu ìfun rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé lọ́jọ́ Sátidé. Dókítà Olúdáre ṣí ikùn rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó rán ibi tó lu. Kò sí iṣan tó ṣeé gún mọ́ ní apá ọmọ náà méjèèjì, ni Dókítà bá ki rọ́bà tí dírìpù ń gbà bọ iṣan ńlá ọrùn rẹ̀ lánàá. Ìbàdàn ló ti kọ́ ọ. Láti àná ni Dókítà ti ń rìn káàkiri wọ́ọ̀dù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì.

Mo sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí a tọ́jú rẹ̀ ná kí a tó máa yangàn. Rọ́bà apá, bó bá bàjẹ́, apá á wú, a ó yọ ọ́. Ti ọrùn yìí, ẹ̀bá ọkàn ló parí sí, ohunkóhun tó bá gba ibẹ̀ wọlé, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ tààrà. Mo pe gbogbo nọ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ mi jọ. Mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìfọ ọwọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí á fi oògùn ìnugbẹ́, èyí tó ń pa kòkòrò, nu ojú ibi tó ti wọlé, kí á sì nu oríkèé ibi tí rọ́bà dírìpù ti so mọ́ ọn. Mo ní èmi fúnra mi ni màá máa ṣe ti àárọ̀. Àyànbádéjọ, tó jẹ́ igbákejì mi, rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó máa sinmi.

Wẹ́sìdeè, 16

Bàbá àgbà Hàbíbátù ni Aáfà Yẹ̀kínì. Bàbá ìyá rẹ̀ ni. Ọjọ́ tí ìyá bí ọmọ yìí ló kú, bàbá náà ló fi wàrà ewúrẹ́ tọ́ ọ, òun ló kọ́ ọ ní Kùránì. Ó ti tẹ́ ẹní sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́nu geetì wa, ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń jẹ.

“Sístà, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà ọmọ yìí. Òun nìkan ló kù fún mi o.”

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ọwọ́ wa ló wà. Àwọn bàbá aáfà báyìí, àdúrà ni wọ́n fi ń kíni láti ẹnu ọ̀nà títí dé bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ aáfà lèmi náà, ní àdúgbò Gídígbó ni wọ́n bí mi sí, mo mọ̀ wọ́n. Mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ wọn ní wọ́ọ̀dù.

Jímọ̀, 18

Oògùn ìnugbẹ́ ku gálọ́ọ̀nù kan péré ní sítọ̀. Wọ́n wá a dé Ìbàdàn, kò sí. Gọ́ọ̀sì tí a fi ń di egbò, róòlù kan ti di náírà mẹ́sàn-án. Nígbà Iléyá, náírà mẹ́rin ni.

Ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù tèmi kò tíì wá yá ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti oṣù Kejìlá ni mo ti ń fi omi sísè la oògùn náà nínú ìgò ńlá aláwọ̀ ilẹ̀ kan. Bó bá ti fẹ́ tán, mo bu oògùn díẹ̀ lé èyí tó kù, mo bomi lé e, mo fi kọ́ọ̀kì dé e padà. Ẹ̀kán kan kò ṣòfò. Mètìróònù, ọ̀gá gbogbo àwa nọ́ọ̀sì, mú àwọn sístà wọ́ọ̀dù yòókù wá wò ó lónìí. Wọ́n ní, “Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ nǹkan lò, ẹ̀yin tí ẹ ń da oògùn sí kòtò.” Orí mi wú. Àyànbádéjọ ní ìgò mi kì í gbẹ, pé kí n fi àṣírí rẹ̀ han ìyàwó òun kó lè fi ṣe ìkòkò ọbẹ̀.

Mọ́ńdè, 21

Hàbíbátù só lónìí! Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú ìwé pé inú mi dùn torí pé ẹnìkan só. Ìfun rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ojú ti ọmọ náà, ó fi aṣọ bojú. Dókítà Olúdáre ní kí á bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní omi ṣíbí kọ̀ọ̀kan, kí á sì fi rọ́bà ọrùn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, nítorí abẹ́rẹ́ tí à ń fún un gba ibẹ̀.

Mo lọ sọ fún bàbá àgbà rẹ̀ lẹ́nu geetì. Wọ́n forí kanlẹ̀ níbẹ̀ lórí ẹní.

Wẹ́sìdeè, 23

Wọ́n gbé Àlàní wá láti Ilé-Ogbó, àgbẹ̀ ni, ọkọ́ ṣá a lẹ́sẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó fi eruku bò ó. Tẹ́tánọ́ọ̀sì. Eyín rẹ̀ pa pọ̀ gbagidi, ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀ bí ọrun, bí ilẹ̀kùn bá dún lásán, gbogbo ara rẹ̀ á le. A gbé e sí yàrá ìkángun, a fi aṣọ dúdú bo fèrèsé. Èmi àti Àyànbádéjọ nìkan ló ń wọlé. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, ìta ló ń dúró sí, ojú ihò ilẹ̀kùn ló ti ń wò ó.

Gbogbo dírìpù apá rẹ̀ ló ń já bí ara rẹ̀ bá ti le. Dókítà fi rọ́bà ọrùn sí òun náà. Ó di méjì tí mò ń nu láràárọ̀.

Jímọ̀, 25

Inú bí mi gidi lónìí.

Agogo méjìlá kọjá díẹ̀, kì í ṣe àsìkò àlejò. Mo bá Bàbá Yẹ̀kínì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹta. Wọ́n gbé ìgò hàntú dání, omi tàdáwà Kùránì tí wọ́n fọ̀ kúrò lára wáláà, wọ́n ti bu ú sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń fi pa ọmọ náà lórí àti láyà. Ó ti dé orí pílásítà tí mo fi bo ẹnu rọ́bà. Pílásítà ti rin, etí rẹ̀ ti dúdú.

“Bàbá, kí lẹ ń ṣe yìí?”

“Sístà, hàntú ni. Yásíìnì ni mo kọ, kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.”

“Omi ibo lẹ fi fọ̀ ọ́?”

“Omi kànga wa ni.”

“Omi kànga! Ẹ bu omi kànga lé ẹnu iṣan ọmọ yín lórí!”

“Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ wà. Ẹ má bínú, Sístà, ẹ jọ̀ọ́.” Wọ́n fẹ́ fi etí agbádá nù ún, mo gbá ọwọ́ wọn dànù. Mo gbá ọwọ́ àgbàlagbà dànù lójú ọmọ rẹ̀.

Mo gba ìgò náà, mo gbé e fún Fàtáì, ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ní láàbù, pé kó wo ohun tó wà nínú rẹ̀, kí n lè rí nǹkan fi han àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Mo ṣí pílásítà, mo fi oògùn ìnugbẹ́ nu ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo nu oríkèé rẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi pílásítà tuntun bò ó.

Sátidé, 26

Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, òtútù mú Hàbíbátù. Ó gbọ̀n tí bẹ́ẹ̀dì fi ń dún. Lẹ́yìn náà ibà gun orí, ogójì lé kan. A fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún Fàtáì. Dókítà Olúdáre wo ikùn rẹ̀, ikùn rọ̀, ibi tó rán kò ṣe nǹkan kan. Ó bojú wo ọrùn, ó bojú wò mí.

Mo sọ ti hàntú fún un.

Sọ́ńdè, 27

Ó tún gbọ̀n láàárọ̀, ó le ju ti àná lọ. Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n. Dókítà yọ rọ́bà ọrùn, ó la ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ láti rí iṣan mìíràn. Abẹ́rẹ́ tó yẹ kí á fún un kò sí ní sítọ̀, èyí tó wà là ń fún un.

Bàbá Yẹ̀kínì wá bá mi ní kọ́rídọ̀, wọ́n ní kí n jẹ́ kí wọ́n jókòó tì í, wọn ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Mo ní rárá. Mo pe ọlọ́dẹ geetì níṣojú wọn, mo ní bàbá yìí kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu geetì mọ́. Wọ́n tún bẹ̀ mí. Mo wá sọ ọ́. Mo ní, “Bàbá, bí ọmọ yìí bá kú, ọwọ́ yín ló pa á.”

Wọ́n yí padà, wọ́n ń lọ, bàtà wọn kan yọ lẹ́sẹ̀, wọn ò sì mọ̀.

Mọ́ńdè, 28

Hàbíbátù kú ní agogo mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú ní ọ̀sán.

Ẹnu geetì ni bàbá wà. A ránṣẹ́ pè wọ́n wọlé lẹ́yìn tí a ti tẹ́ ẹ. Wọ́n gbé e lọ nínú mọ́tò tí wọ́n háyà, kí wọ́n lè sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Wẹ́sìdeè, 30

Mo fi ọ̀rọ̀ bàbá náà kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́kọ̀ọ́ lónìí. Mo to gbogbo wọn sójú kan, mo ní, “Ẹ rí ohun tí àìmọ̀kan ń ṣe.” Mo sọ ọ́ dáadáa. Mètìróònù tún wà níbẹ̀, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri.

Ọkọ mi béèrè ìdí tí mi ò fi jẹun. Mo ní mo ti jẹun níbi iṣẹ́.

Sọ́ńdè, 3 Oṣù Kejì

Òtútù mú Àlàní láàárọ̀ yìí. Agogo mẹ́wàá.

Ara rẹ̀ ti ń rọ̀ láti Tọ́sìdeè, líle rẹ̀ ti ń dínkù, a ti ń sọ pé ó ti bọ́. Ó wá ń gbọ̀n báyìí, gbígbọ̀n náà sì ń ta ara rẹ̀ jí, ó ń le, ó ń gbọ̀n, ó ń le. Ìyàwó rẹ̀, Àtọ́kẹ́, wà lẹ́nu ihò ilẹ̀kùn, ó ń pe orúkọ Ògún jẹ́jẹ́, kò jẹ́ kó dún, nítorí mo ti sọ fún un pé ariwo lè pa ọkọ rẹ̀.

Mọ́ńdè, 4

Àyànbádéjọ wá bá mi ní ọ́fíìsì láàárọ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

“Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ta ló fi hàntú pa Àlàní?”

Mo ní kò sẹ́ni tó fi pa á. Mo ní ọkùnrin yìí kì í tilẹ̀ ṣe Mùsùlùmí.

“Èmi àti ẹ̀yin nìkan la ń wọ yàrá yẹn. Kò sí àlejò kankan tó fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tó ti dé.”

“Kí lo fẹ́ sọ, Àyànbádéjọ?”

“Mo wo ṣáàtì ibà àwọn méjèèjì. Agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ la máa ń nu rọ́bà. Agogo mẹ́wàá ni wọ́n máa ń gbọ̀n. Hàbíbátù lẹ́ẹ̀mejì, Àlàní lánàá. Ní ọjọ́ tí mo nu ti ìrọ̀lẹ́ fún Hàbíbátù, ibà rẹ̀ tún gun lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti ń wò ó láti àná, mi ò lè sùn.”

Mo lé e jáde. Mo ní kó lọ nu ilẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi ṣe iṣẹ́ yìí, ọwọ́ mi ni mo máa ń fi ọṣẹ fọ̀ títí yóò fi bó. Nígbà tó jáde, mo dúró síbẹ̀, mò ń wo ìgò ńlá tó wà lórí tábìlì. Mo ṣí kọ́ọ̀kì rẹ̀. Abẹ́ kọ́ọ̀kì náà ń yọ̀.

Mo lọ bá Dókítà Olúdáre kí ọwọ́ mi tó kan nǹkan mìíràn. Mo ní kó yọ rọ́bà Àlàní lójú ẹsẹ̀, kó sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oògùn wọ́ọ̀dù wa nu ẹnikẹ́ni.

Túsìdeè, 5

Rọ́bà ti kúrò lọ́rùn Àlàní, ti ẹsẹ̀ là ń lò, sípíríìtì nìkan la fi nù ún. Dókítà wa ọkọ̀ ara rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, ó wá abẹ́rẹ́ ní ilé oògùn mẹ́fà kó tó rí i. Ó padà dé ní ìrọ̀lẹ́, eruku ti sọ irun rẹ̀ di funfun. Mi ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Fàtáì fa ẹ̀jẹ̀ Àlàní, ó gbé òwú kéékèèké wá, ó fi nu gbogbo ohun tó wà ní wọ́ọ̀dù: ọwọ́ mi, ọwọ́ Àyànbádéjọ, àwo, omi sísè, ìgò ńlá, kọ́ọ̀kì. Ó ní kí n ní sùúrù fún ọjọ́ mẹ́ta.

Tọ́sìdeè, 7

Àlàní ṣì gbóná. Mo gbààwẹ̀ lónìí, kì í ṣe oṣù ààwẹ̀. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó jẹ́ ọwọ́ mi, kó má jẹ́ ìgò yẹn. Bó bá jẹ́ ọwọ́, a lè pín ẹ̀bi rẹ̀ láàárín wa.

Jímọ̀, 8

Fàtáì pè mí sí láàbù lẹ́yìn ìrun. Ó to àwo gíláàsì mẹ́rin sórí tábìlì, ó ní kí n wò ó fúnra mi.

Nínú àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ Hàbíbátù, kòkòrò tó hù jáde ti sọ gbogbo àwo náà di àwọ̀ ewé, ó ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù. Ẹ̀jẹ̀ Àlàní ni èkejì, àwọ̀ kan náà, òórùn kan náà.

Ìkẹta ni hàntú bàbá. Kòkòrò omi kànga lásán, funfun, díẹ̀. Kò sí aláwọ̀ ewé níbẹ̀ rárá.

Ìkẹrin ni ìgò mi. Àwọ̀ ewé bo gbogbo rẹ̀, kò tilẹ̀ sí àyè tó ṣófo nínú àwo náà.

“Ṣé inú oògùn ló ti ń gbé?” Mo bi í bẹ́ẹ̀. “Inú oògùn tó yẹ kó pa á?”

Fàtáì ní omi ti pọ̀ jù nínú oògùn náà, kọ́ọ̀kì sì jẹ́ ilé fún un. Bí a bá da ìgò náà nù tán, tí a sè é, tí a gbẹ ẹ́, ìbá ti kú. Ṣùgbọ́n a kò dà á nù rí. Láti oṣù Kejìlá ni èyí tó kù nísàlẹ̀ ti ń gbin ara rẹ̀ sínú tuntun. Ó ní bí a bá fi nu ara tó yá, kò lè ṣe nǹkan kan. Ẹnu rọ́bà ọrùn la fi ń nù, ó sì gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Èmi ni mo ń pò ó. Ní ọjọ́ tí mo bá bàbá náà jà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo nu oríkèé yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Sátidé, 9

A jókòó ní ọ́fíìsì Dókítà àgbà tó ni ọsibítù: Mètìróònù, Dókítà Olúdáre, èmi. Dókítà àgbà ka ìwé Fàtáì lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí á tún iṣẹ́ wa ṣe, kí á sì pa ẹnu mọ́. Wọ́n ní ilé ẹjọ́ wà, ìwé ìròyìn wà, àwọn ènìyàn ìlú kò ní lóye.

Mo ní, “Bàbá ọmọ náà ń kọ́?”

“Sístà, ọmọ náà ti kú. Kí ni sísọ rẹ̀ máa ṣe?”

“Mo sọ fún wọn pé ọwọ́ wọn ló pa á, sà.”

Wọ́n ní kì í ṣe ọsibítù ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni.

Túsìdeè, 12

Mo fọ́ ìgò náà lẹ́yìn tíátà. Àwọn kọ́ọ̀kì, mo sun wọ́n.

Ìgò kékeré la ń lò báyìí, tó ń dé pẹ̀lú ìdérí onírin. Bí oògùn kò bá tó, sípíríìtì ni a ó fi nu ẹnu rọ́bà, bí kò bá sí sípíríìtì, a kò ní fi rọ́bà sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ohun tó bá kù nínú ìgò ní ìrọ̀lẹ́, a dà á nù, a se ìgò, a gbẹ ẹ́. Láràárọ̀, Dókítà gbọ́dọ̀ dáhùn níwájú ẹni tí rọ́bà wà lọ́rùn rẹ̀ bóyá ó ṣì nílò rẹ̀. Bí kò bá rí ìdí kan sọ, rọ́bà á jáde. Mo ya ìwé tí mo kọ nípa bàbá kúrò lára ògiri. Mo pe àwọn nọ́ọ̀sì, mo sọ fún wọn pé ohun tí mo kọ́ wọn lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, irọ́ ni, mo sì sọ ẹni tó jẹ̀bi. Kò rọrùn. Ọ̀kan nínú wọn ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí mo fi parí ọ̀rọ̀.

Mètìróònù ní ó ku díẹ̀ kí n sọ ara mi di eléré. Mo ní wọ́n ti fi mí hàn ènìyàn lórí ìgò náà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n jẹ́ kí n tún fi ara mi hàn.

Jímọ̀, 15

Àlàní la ẹnu lónìí! Ìbú ìka kan péré, ṣùgbọ́n ó là á. Ibà ti lọ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni pé ta ló ń bá òun wo iṣu tó wà lóko. Àtọ́kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín ní ẹnu ọ̀nà, kò lè dákẹ́, mo ní kó rẹ́rìn-ín bó ṣe fẹ́. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Sọ́ńdè, 17

Mo lọ sí Olúpọ̀nnà.

Mi ò sọ fún Dókítà àgbà, mi ò sì sọ fún Mètìróònù. Mo sọ fún ọkọ mi, ó ní bóyá kí òun tẹ̀ lé mi. Mo ní rárá.

Wọ́n fi ilé Aáfà Yẹ̀kínì hàn mí. Mo retí pé màá gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kéwú kí n tó dé ibẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyàrá ìta ṣófo. Wọ́n to wáláà jọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti fọ̀ mọ́. Bàbá jókòó lórí awọ àgbò, wọ́n ti rù gidi. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n mọ̀ mí, wọ́n sì ní kí n jókòó, mo ní bí mo ṣe wà yìí ló dára.

“Bàbá, àwọn ọmọ kéwú yín dà?”

“Mo ti kó wọn fún aáfà mìíràn. Ọwọ́ tó pa ọmọ ara rẹ̀, kò tún yẹ kó kọ Kùránì fún ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn ènìyàn wá gba hàntú, mo ní mi ò ṣe é mọ́.”

Mo ti to ọ̀rọ̀ mi láti Ìwó, gbogbo rẹ̀ fọ́n dànù. Mo sọ ọ́ bó ṣe wá sẹ́nu. Mo ní, “Bàbá, kì í ṣe ọwọ́ yín. Wọ́n yẹ hàntú yín wò ní láàbù, ohun tó pa Hàbíbátù kò sí níbẹ̀. Inú ìgò oògùn mi ló wà. Èmi ni mo ń pò ó, èmi ni mo fi nu ọrùn rẹ̀ láràárọ̀. Ẹlòmíràn tún ṣàìsàn, ẹni tí àlejò kankan kò fọwọ́ kàn, ìgbà yẹn ni a tó mọ̀.”

Wọ́n béèrè pé, “Ìgò yín?” Mo ní, “Ìgò mi, bàbá.” Wọ́n bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é. Mo ní rárá, mo rò pé mò ń dáàbò bò ó ni. Ẹkún gbà mí lọ́wọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún tán.

Wọ́n wá ní, “Ti ìgò, mo forí jì ọ́. Ohun tí o kò mọ̀ lo ṣe. Èmi náà, mo fi omi pa ibi tí mi ò mọ̀.” Wọ́n ń wo ilẹ̀. “Sọ nǹkan kan fún mi. Lọ́jọ́ tó kú, ṣé ó béèrè mi?”

Mi ò kọ èyí sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ó wá sí mi lọ́kàn láti sọ pé ó ti sùn, pé kò mọ nǹkan kan.

“Ó béèrè yín lẹ́ẹ̀mẹta, bàbá.”

“Kí lo sọ fún un?”

“Mo ní ẹ ti padà sí Olúpọ̀nnà.”

“Ẹnu geetì ni mo wà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

“Mò ń gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì láti ibi tí mo wà. Ká ní ó kígbe pè mí, ǹ bá ti gbọ́.”

“Kò lágbára láti kígbe mọ́.”

Wọ́n fi ọwọ́ bojú. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ohùn wọn kò le rárá. Wọ́n ní, “Ọmọ mi kú, ó rò pé mo fi òun sílẹ̀ lọ sílé. Ìyẹn, Sístà, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń forí jini nítorí rẹ̀. Máa lọ.”

Wọ́n dìde, wọ́n wọ inú ilé lọ. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọn ò padà jáde.